Àtúnṣe ọyàn lẹ́yìn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà: kí ló fà á tí wàhálà rẹ̀ fi ń pọ̀ lára obìnrin dúdú?

Obìnrin méjì lè ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n gé ọyàn wọn lọ́sẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì bá àwọn méjèèjì tún un ṣe. Ọ̀kan á lọ sílé, ọgbẹ́ rẹ̀ á jinná. Èkejì á padà wá pẹ̀lú ibà àti ọgbẹ́ tó ṣí. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn jọ, ọ̀pọ̀ ìwádìí ló rí i pé obìnrin dúdú ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín àwọn tó padà wá.

Ìbéèrè tí èèyàn máa ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí. Èrò tèmi ò fara sin: mi ò gbà pé inú awọ tàbí inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti ń wá jù. Ọ̀nà tí obìnrin rìn kó tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ, àti ojú tí wọ́n fi wò ó lẹ́yìn tó jáde, ibẹ̀ ni kí á lọ wò.

Kí ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe ọyàn?

Bí wọ́n bá ti gé ọyàn kúrò nítorí jẹjẹrẹ, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti mọ òmíràn dípò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni ti àpò sílíkóònù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ àpò òfìfo kan sábẹ́ awọ tàbí sábẹ́ iṣan àyà, wọ́n á máa rọ omi iyọ̀ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ á fi fẹ̀ tó, kí wọ́n tó wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó máa dúró síbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n lo ẹran ara obìnrin náà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní DIEP ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: wọ́n á gé awọ àti ọ̀rá láti ìsàlẹ̀ ikùn pẹ̀lú òpójẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, wọ́n á fi iṣan ikùn sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n á sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi rán òpójẹ̀ náà mọ́ ti àyà. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni. Wọ́n tún lè mú ẹran láti ẹ̀yìn.

Wọ́n lè ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọyàn, wọ́n sì lè ṣe é lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan. Obìnrin tó bá sì wù ú kí àyà òun tẹ́ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fúngun mọ́ ọn.

Wàhálà wo ló lè tẹ̀lé e?

Kòkòrò lè wọ ojú ọgbẹ́. Omi tàbí ẹ̀jẹ̀ lè gbárajọ sábẹ́ awọ. Awọ àyà tí wọ́n fi sílẹ̀ lè kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú òpójẹ̀ tí wọ́n rán, kí gbogbo ẹran tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ kú. Àpò lè gba ojú ọgbẹ́ yọ síta. Ikùn tí wọ́n ti gé ẹran lè wú. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ẹsẹ̀ sì lè gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó lè pa èèyàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé wàhálà ojú ọgbẹ́ kì í dúró sójú ọgbẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jinná lè má tíì lè bẹ̀rẹ̀ kẹmó, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, tàbí ìtànṣán tí wọ́n ń tàn sí ara láti pa á, jẹjẹrẹ ò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni àtúnṣe ọyàn.

Ṣé lóòótọ́ ni ìyàtọ̀ wà láàárín obìnrin dúdú àti funfun?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ní bó ṣe yẹ kí á kà á.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, American College of Surgeons, ní àkọsílẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní NSQIP. Ilé ìwòsàn tó bá wọlé sínú ètò náà á yan òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́, tí yóò máa tọ fáìlì àwọn aláìsàn lẹ́yìn fún ọgbọ̀n ọjọ́: ta ni kòkòrò wọ ọgbẹ́ rẹ̀, ta ni wọ́n dá padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ta ni wọ́n tún gbà sí ọsibítù. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa àtúnṣe ọyàn ti jáde. Bí wọ́n bá ka iye lásán, obìnrin dúdú sábà máa ń pẹ́ sí i ní ọsibítù, wàhálà rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá ro ìsanra, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà á dín kù. Nínú àwọn ìwádìí kan, ó tán pátápátá. Nínú àwọn mìíràn, ó ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn. Àpá inú ara tó ń le yí àpò sílíkóònù ká, tó ń fún un bí ẹni fún ọsàn, oṣù tàbí ọdún ló máa ń gbà kó tó hàn. Ikùn tó wú kì í sábà hàn lóṣù àkọ́kọ́. Ìtànṣán pàápàá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, òun ló sì ń ba àtúnṣe jẹ́ jù. Nítorí náà, nígbà tí ìwé kan bá kéde pé kò sí ìyàtọ̀, ohun tó ń sọ ni pé kò sí ìyàtọ̀ lóṣù kan. Obìnrin tí wọ́n yọ àpò rẹ̀ lóṣù kẹjọ ò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo ju ìyẹn lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin Los Angeles àti Detroit, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Surgery lọ́dún 2014, fi hàn pé obìnrin dúdú ò rí àtúnṣe ọyàn gbà tó àwọn tó kù. Àwọn tí a ń kà nínú ìṣirò wàhálà, asẹ́ ti jọ̀ wọ́n. Àwọn tí dókítà ò gbà láti ṣe fún, àwọn tí wọn ò sọ fún rárá pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, wọn ò sí nínú ìṣirò. Tí ìyàtọ̀ bá ṣì hàn láàárín àwọn tí asẹ́ gbà kọjá, mo rò pé ó yẹ kí ó kó wa láyà sókè.

Bí ìyàtọ̀ bá dín kù nígbà tí wọ́n ro àtọ̀gbẹ àti ìsanra mọ́ ọn, ṣé kì í ṣe pé àwọ̀ ò kan ọ̀rọ̀ náà nìyẹn?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà.

Ìṣirò tó yọ àtọ̀gbẹ sọ́tọ̀ ń sọ ọ̀nà tí wàhálà gbà wọlé fún wa. Kò sọ pé kò wọlé. Bí ẹnìkan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tó kó ẹrù ilé lọ, a ò ní torí pé a mọ ẹnu ọ̀nà tó gbà sọ pé olè ò jà wá. Àtọ̀gbẹ tí wọn ò tọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára, kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba kan, Home Owners' Loan Corporation, ya àwòrán àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, wọ́n sì kun àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé ní pupa pé ó léwu láti yá wọn lówó ilé. Owó ò wọ àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tó dára àti ọjà tó ń ta oúnjẹ tútù sì máa ń tẹ̀lé owó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, àti ọmọ ọmọ wọn, ló ń gbé àtọ̀gbẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lónìí.

Àkókò tí wọ́n rí jẹjẹrẹ náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ ọyàn ò ṣe obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà tó bó ṣe ń ṣe obìnrin funfun, ó dín díẹ̀. Síbẹ̀, ikú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 pọ̀ láàárín obìnrin dúdú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ti dàgbà kí wọ́n tó rí i. Jẹjẹrẹ tó ti dàgbà ń fẹ́ kẹmó àti ìtànṣán, àwọn méjèèjì sì ń mú kí ọgbẹ́ ṣòro láti jinná.

Ṣé ara obìnrin dúdú ò yàtọ̀ rárá ni?

Àwọn nǹkan kan wà, mi ò sì ní fi wọ́n pamọ́. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní triple-negative, tí oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù ò ràn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì láàárín obìnrin dúdú. Àpá tó ń yọ gọ́ńgọ́, tó ń ga ju ojú ọgbẹ́ lọ, èyí tí dókítà ń pè ní keloid, wọ́pọ̀ lára awọ dúdú, àárín àyà sì wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Bí irú àpá bẹ́ẹ̀ bá ti yọ lára rẹ rí, bóyá níbi tí wọ́n ti lu etí, sọ ọ́ kí wọ́n tó gé ọ. Àwọn ọ̀nà wà láti dènà rẹ̀, bíi téèpù sílíkóònù àti abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù.

Ẹ̀jẹ̀ AS náà ńkọ́? Nǹkan bí ọmọ dúdú kan nínú 13 tí wọ́n ń bí ní Amẹ́ríkà ló ní i. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe iṣẹ́ abẹ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà tó fẹ́ rán òpójẹ̀ tó tín-ín-rín mọ̀ ọ́n, pàápàá bí ó bá jẹ́ SS, torí ẹ̀jẹ̀ SS a máa dì bí ara bá tutù tàbí tí omi ara bá gbẹ.

Ṣùgbọ́n irọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òótọ́ díẹ̀ yìí. Lọ́dún 2016, ìwádìí kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní University of Virginia rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn gba ó kéré tán irọ́ kan gbọ́ nípa ara aláwọ̀ dúdú, bíi pé awọ rẹ̀ nípọn ju ti funfun lọ. Àwọn tó gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ sì ń fojú kéré ìrora aláìsàn dúdú. Wo ohun tí ìyẹn lè ṣe fún obìnrin tó ń sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dun òun ju èkejì lọ. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń gbárajọ síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ wo ni àwọ̀ ń mú wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ ọgbẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ yọ tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tí a lè tún ṣe lọ́la ni.

Lẹ́yìn DIEP, nọ́ọ̀sì á máa yẹ ẹran tuntun náà wò ní wákàtí wákàtí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ń wò ó bóyá ó gbóná, bóyá ó rọ̀, bóyá àwọ̀ rẹ̀ dára, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń yára padà síbi tó fi ìka tẹ̀. Bí òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò bá dí, awọ á di bí àwọ̀ aró. Bí èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bá dí, á funfun. Wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n ní láti gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n sì gbà á là. Ṣùgbọ́n àwòrán awọ funfun ló kún inú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni. Lára awọ dúdú, aró yẹn lè fara pamọ́, fífunfun yẹn lè jọ eérú lásán. Bákan náà ni pípọ́n ojú ọgbẹ́: ohun tó pọ́n wẹ́ lára awọ funfun lè kàn ṣú díẹ̀ sí i lára awọ dúdú, tàbí kó hàn bí àwọ̀ elése-àlùkò. Ẹni tó ń dúró de pupa kí ó tó gbà pé kòkòrò ti wọlé á pẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́dún 2020 rí i pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ yẹn ò rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta lára aláìsàn dúdú ju ti funfun lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú awọ kọjá, àwọ̀ awọ sì ń gbà nínú ìmọ́lẹ̀ náà.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ẹ̀rọ Doppler kékeré ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń sáré nínú òpójẹ̀, ìró ò sì mọ̀ bóyá awọ dúdú ni tàbí funfun. Kí nọ́ọ̀sì ya fọ́tò ẹran náà nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára kí wọ́n tó kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi í wé. Kí ọwọ́ náà ṣiṣẹ́: gbígbóná, líle àti wíwú ṣeé fọwọ́ mọ̀ lára awọ gbogbo.

Kí ni ìtànṣán ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìtànṣán ń pa jẹjẹrẹ tó lè ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ó ń mú kí awọ le, kí òpójẹ̀ kéékèèké rẹ̀ sì dín kù. Bí àpò sílíkóònù bá wà lábẹ́ irú awọ bẹ́ẹ̀, ó rọrùn kí kòkòrò wọ̀ ọ́, kí àpá tó yí i ká fún un mọ́ra, tàbí kí wọ́n ní láti yọ ọ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń gba ẹni tó máa gba ìtànṣán nímọ̀ràn pé kó lo ẹran ara rẹ̀, tàbí kó dúró dìgbà tí ìtànṣán bá parí. Bí jẹjẹrẹ obìnrin dúdú ṣe sábà máa ń ti dàgbà kí wọ́n tó rí i, òun náà ló máa ń nílò ìtànṣán jù.

Mo gbọ́ pé obìnrin dúdú ń lo ẹran ara wọn ju àpò lọ. Kí nìdí?

Ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó rí àtúnṣe gbà. Ìtànṣán jẹ́ ìdí kan, ìtóbi ara jẹ́ òmíràn, ìbẹ̀rù ohun àjèjì nínú ara sì wà níbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì nítorí pé iṣẹ́ abẹ tó gùn, tó ní ọgbẹ́ méjì, lè ní wàhálà púpọ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ìwádìí tó kó àpò àti ẹran ara pọ̀ sójú kan á dá obìnrin dúdú lẹ́bi ohun tó jẹ́ ti irú iṣẹ́ abẹ tí ó ṣe. Bí o bá rí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, wò ó bóyá wọ́n fi àpò wé àpò, kí wọ́n sì fi DIEP wé DIEP.

Àwa tí a ti Áfíríkà wá, ibo ni wọ́n kà wá sí?

Inú "Black or African American" ni, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ síbẹ̀. Obìnrin tó dé láti Áfíríkà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn àti obìnrin tí ìran rẹ̀ ti wà ní Georgia fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ń wọ inú àpótí kan náà lórí fọ́ọ̀mù. Ìgbé ayé wọn yàtọ̀, oúnjẹ wọn yàtọ̀, ìbánigbófò wọn lè yàtọ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún ìlànà fọ́ọ̀mù náà kọ, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí èèyàn lè sọ irú ẹni tó jẹ́ gan-an. Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Á pẹ́ kí ìwádìí tó dé ibẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, bí o bá rí àyè yẹn lórí fọ́ọ̀mù ọsibítù, fi àmì sí i.

Àwọn Látínò, àwọn ará Éṣíà àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́?

Èdè ni ìdènà ńlá fún ọ̀pọ̀ obìnrin Látínò. Ìwádìí ní Los Angeles fi hàn pé àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu kì í rí àtúnṣe gbà tó àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn ará Éṣíà náà kì í ṣe é tó àwọn funfun, bí ikùn bá sì pẹlẹbẹ, ẹran tí wọ́n lè gé níbẹ̀ lè má tó. Fún àwọn ọmọ onílẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́: dókítà tó lè rán òpójẹ̀ lè wà ní ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí sí wọn.

Ṣé ìbánigbófò gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀?

Òfin àpapọ̀ kan wà, Women's Health and Cancer Rights Act, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1998. Ó sọ pé ìbánigbófò tó bá ń san owó gígé ọyàn gbọ́dọ̀ san owó àtúnṣe rẹ̀ ní gbogbo ìpele, owó títún ọyàn kejì ṣe kí méjèèjì lè dọ́gba, owó ọyàn àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi sínú kọ́mú, àti owó wàhálà tó bá tẹ̀lé e, títí kan apá tó bá wú. Òfin náà ò dá iye ọdún tí obìnrin gbọ́dọ̀ fi ṣe é.

Àmọ́ ó ní ibi tó dé. Kò de Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń tọ́jú tálákà, nítorí náà ohun tí obìnrin lè rí gbà níbẹ̀ sinmi lórí ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Òfin ò sì lè fipá mú dókítà gba Medicaid. Obìnrin lè ní ẹ̀tọ́ sí DIEP lórí ìwé, kí ó má rí ẹni tó máa ṣe é fún un. Lọ́dún 2023 gan-an, wọ́n ti fẹ́ fagi lé kóòdù tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń gba owó DIEP ní pàtó kí àwọn aláìsàn tó pariwo, tí CMS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicaid, fi yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Owó iṣẹ́ abẹ nìkan sì kọ́. Òfin ìsinmi ìdílé ti ọdún 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12, láìsí owó oṣù, níbi iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 ó kéré tán. Ẹni tí kò lè jókòó sílé láìgba owó á padà síbi iṣẹ́ kí ikùn rẹ̀ tó san, á gbé ohun tí kò yẹ kó gbé. Nígbà tí ọgbẹ́ yẹn bá ṣí, àwọ̀ ni wọ́n á kọ sínú ìṣirò. Wọn ò ní kọ ọ̀gá tí kò fún un láyè.

Ṣé ohun tí dókítà kà sí àṣeyọrí náà ni obìnrin kà sí i?

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2009 ni ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní BREAST-Q ti wà, tó ń bi obìnrin fúnra rẹ̀: báwo ni àyà rẹ ṣe rí lójú ara rẹ, báwo ni ara ṣe rí, báwo ni wọ́n ṣe bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwádìí MROC, tí ilé ìwòsàn 11 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe pọ̀, lò ó láti tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn, ṣùgbọ́n funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn nǹkan tó ń dun obìnrin dúdú lè má sí lójú ìwé náà rárá: àpá tó yọ gọ́ńgọ́, awọ ikùn tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti àyà mu, tàbí orí ọmú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn. Béèrè fọ́tò iṣẹ́ tí dókítà ti ṣe lára àwọn tí awọ wọn jọ tìrẹ. Bí kò bá ní ẹyọ kan, o ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nìyẹn.

Kí ni ilé ìwòsàn lè ṣe tó ti ṣiṣẹ́ rí?

Ìlànà kan náà fún gbogbo aláìsàn. Ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n fi ètò tí wọ́n ń pè ní ERAS tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún: oúnjẹ, oògùn ìrora, dídìde rìn, gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, kò sí pé ojú tí nọ́ọ̀sì fi wo èèyàn ló ń pinnu. Ìyàtọ̀ iye ọjọ́ tí dúdú àti funfun ń lò ní ọsibítù pòórá. Ìfun kì í ṣe ọyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n irú ètò yẹn ti wà fún àtúnṣe ọyàn náà, ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni alábàárìn aláìsàn. Dókítà Harold Freeman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Harlem, nílùú New York, lọ́dún 1990: ẹnìkan tó mọ ọ̀nà inú ọsibítù, tó ń bá obìnrin pe fóònù, tó ń lé ìwé ìbánigbófò, tó ń rí i pé kò sọ ọjọ́ àdéhùn nù. Ìpínlẹ̀ New York sì ṣòfin lọ́dún 2010 pé kí ilé ìwòsàn sọ fún obìnrin, kí wọ́n tó gé ọyàn rẹ̀, pé àtúnṣe wà àti pé ìbánigbófò ń san án. Ó dùn mí pé òfin ni wọ́n fi ń mú dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí n bi dókítà kí n tó gbà?

Bi í pé mélòó irú iṣẹ́ abẹ yìí ló ń ṣe lọ́dún, àti pé nínú wọn, mélòó ló padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bi í bóyá wàá gba ìtànṣán, kí ẹ tó yan ọ̀nà. Bí ó bá sọ pé o ti sanra jù, bi í ní iye kílò tó fẹ́ àti ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ láti dé ibẹ̀, torí "lọ dín ara kù" lásán kì í ṣe ìtọ́jú. Kí o sì bi í bí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe ń ṣọ́ ẹran tuntun lára awọ dúdú.

Iṣẹ́ tìrẹ náà wà: jíjáwọ́ nínú sìgá ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, àti mímú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá tó láti fi sọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, béèrè ògbufọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀tọ́ rẹ sì ni ní ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Má fi ọmọ rẹ ṣe é. Kò yẹ kí ọmọ jẹ́ ẹni tó máa túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n pè wọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti délé?

Pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí ibà bá ti dé 38 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn 100.4 lórí ti Fahrenheit, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wú lójijì ju èkejì lọ, bí omi tó ń rùn bá ń jáde, tàbí bí ibì kan bá gbóná tó sì le bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ́n. Ya fọ́tò ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́ níbi ìmọ́lẹ̀ kan náà, lẹ́bàá fèrèsé. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ọ́ lórí fóònù pé "ṣé ó pọ́n?", sọ fún un pé awọ rẹ dúdú, pé ó ti ṣú ju ti àná lọ, kí o sì fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o dúró dọjọ́ àdéhùn tí ara rẹ sì ń sọ fún ọ pé kò dára, lọ bá wọn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dùn ọ́, lọ lọ́jọ́ yẹn. Bí èémí bá ń há ọ tàbí àyà ń dùn ọ́ nígbà tí o bá mí, má pe ọ́fíìsì dókítà rárá. 911 ni kí o pè.